Ọ̀rọ̀ Kan Lẹ́nu Màmá Eulalia

Ọdún kẹfà rèé tí Salihat ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní South Shore, lókè òkun. Auburn Gresham ló ń gbé. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni bọ́ọ̀sì ń gbà lálọ, iye kan náà lábọ̀, inú bọ́ọ̀sì yẹn ló sì ti kọ́ Sípáníìṣì, nítorí kò ní àkókò míì tó lè fi ṣòfò.

Kì í ṣe gbogbo èdè náà o. Èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu nìkan ló kọ́, ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ àti ìrora. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì kàn ń fi orúkọ kan pe gbogbo rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Sípáníìṣì gbọ́n bíi tiwa. Herida ni ọgbẹ́, èyí tí ọ̀bẹ tàbí ìṣubú dá síni lára. Llaga ni egbò, èyí tó ń jẹra díẹ̀díẹ̀. Me arde, ó ń ta mí. Me duele, ó ń dùn mí. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò gba wàhálà kankan. Ó ní àfi bí ẹni pé wọ́n yá "dùn" lọ́wọ́ wa.

Màmá Eulalia ló jàǹfààní ẹ̀kọ́ yìí jù. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n, ará Mẹ́síkò, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, egbò sì wà ní gìgísẹ̀ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, Salihat fẹ́ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn kó lè wẹ̀ wọ́n, kò mọ̀ pé ìbọ̀sẹ̀ ti gbẹ mọ́ egbò náà. Ó fà á díẹ̀, Màmá figbe ta.

"Se me pegó! Se me pegó!"

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, Olúwatómisìn, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Homewood, ń kọjá lọ. Ó yọjú, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ìbọ̀wọ́ Salihat.

"Àǹtí, ẹ bọ́ síta. Please."

"Kí ni mo ṣe?"

"Wọ́n ní ẹ lù wọ́n. Me pegó. Mo ṣe Spanish fún four years, mo gbọ́ ọ clear."

"Èmi? Kí n lu Màmá? Tómisìn, wojú mi dáadáa!"

"Àǹtí mi, kì í ṣe èmi, òfin ni. Tí mi ò bá report ẹ̀, license tèmi ló máa lọ."

Wọ́n ní kó lọ jókòó sí yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun. Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Wọn ò ti ilẹ̀kùn, ìyẹn gan-an ló burú. Tó bá padà sọ́dọ̀ Màmá, wọn á ní ó lọ kọ́ wọn lóhun tí wọ́n máa sọ. Tó bá lọ sílé, wọn á ní ó sá. Tí ẹ̀sùn náà bá sì lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí ilé ìtọ́jú tó tún máa gbà á síṣẹ́, ọdún mẹ́fà ti wọmi nìyẹn. Ó ń gbọ́ Màmá láti ẹ̀yìn ògiri: "Sali! Sali!" Ẹlòmíì ló ń fa ìbọ̀sẹ̀ náà.

Nígbà tí Tómisìn gbé ìwé wá kó kọ ti ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, Salihat kò gba bírò.

"Kí ló ṣáájú 'me pegó'?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ó wà. 'Se' ló ṣáájú. Se me pegó, ó lẹ̀ mọ́ mi. Ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wí."

"'Se' kékeré yẹn?"

"Kékeré bàbá ẹ! Tí ìyá ẹ bá ń ké 'gbà mí', tó o wá gbọ́ 'gbá mi', kí lo máa ṣe fún wọn?"

Tómisìn dán an wò. "Gba mi. Gba mi." Ọ̀kan náà ni méjèèjì lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. "Mummy máa ń sọ pé mi ò ní tone."

"Wọn ò parọ́. Lọ bi Màmá pé kí ló lẹ̀ mọ́ wọn."

Ó lọ. Kò pẹ́ tó fi dé.

"Calcetín ni wọ́n ní. Ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n tún fi ọwọ́ hàn mí. Àǹtí, ẹ má bínú, mo ti kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi."

Tómisìn wolẹ̀. "Mo ti send report ti àkọ́kọ́. Kò ṣeé fà padà. Àwọn ará ìjọba gbọ́dọ̀ wá ṣèwádìí, ẹ ò sì lè wọ yàrá aláìsàn kankan kí wọ́n tó parí."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Nígbà míì, three weeks. Nígbà míì, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ tó gba ìṣẹ́jú àáyá kan láti ṣì gbọ́. Igbe Màmá tún ta láti ẹ̀yìn ògiri.

"Wọn ò tíì bọ́ ọ?"

"Kò gbà, ó ti gbẹ."

"Ẹ yéé fà á! Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi rẹ ẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kó o sì máa sọ fún wọn pé despacio. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ohùn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kó o fi sọ ọ́ o."

Tómisìn sáré jáde. Salihat fetí sí ògiri. Igbe kan tún wá, òmíràn tẹ̀ lé e, kò tó ti àkọ́kọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó rọlẹ̀. Ìgbà náà ló tó mú bírò, tó kọ sórí ìwé náà pé òun ti gbọ́, òun kò ní wọ yàrá aláìsàn kankan, tó sì fọwọ́ sí i.