Ẹ-Má-Mira Ya Gọ́tà Àdúgbò Àna Rẹ̀

Ẹ-Má-Mira ni gbogbo èèyàn ń pe ayàwòrán káńsù wa, nítorí pé gbólóhùn yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún ìyàwó tuntun, ó ti sọ ọ́ fún alága káńsù, ó tilẹ̀ ti sọ ọ́ fún ewúrẹ́ rí.

Lọ́dọọdún, káńsù máa ń pe ará ìlú jọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n á fi ohun tí wọ́n ṣe hàn wọ́n: gọ́tà tí wọ́n kó, ààtàn tí wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́, igi tí wọ́n gbìn. Àwòrán ni ẹ̀rí. Ọ̀gá ẹ̀ka ìmọ́tótó, ọkùnrin tó fẹ́ràn àpọ́nlé ju oúnjẹ lọ, ló máa ń mú Ẹ-Má-Mira lọ síbi tó bá dára, á ní, "Ibí ni kó o yà. Má yíjú kámẹ́rà sápá ọ̀hún o."

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àdúgbò ìyá ìyàwó Ẹ-Má-Mira ló kàn. Gọ́tà ibẹ̀ ti dí pa. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọ yàrá màmá, bàtà á máa léfòó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Ọkọ ọmọ mi," á ní, "ìwọ tó ń bá ìjọba rìn, ṣé kámẹ́rà ẹ ò mọ̀nà ilé mi ni?" Ẹ-Má-Mira á kàn máa họrí.

Àwọn òṣìṣẹ́ kó ìwọ̀nba ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu títì. Ọ̀gá dúró tì í, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Ó yá, yà á."

Ẹ-Má-Mira fojú sí kámẹ́rà, ó mirí. "Ọ̀gá, ọ̀rá kan ń yọjú lẹ́yìn yín. Ó dà bíi pé etí yín ló ti hù."

Wọ́n kó o. Ó tún wò ó. "Ẹrẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí yẹn, sà, ó ń jẹ́ kójú yín dúdú."

Wọ́n kó ìyẹn náà. Báyìí ni wọ́n ń wọnú àdúgbò lọ díẹ̀díẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ti mọ eré tí Ẹ-Má-Mira ń ṣe, ó yíjú sí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àbí kámẹ́rà yìí ń ṣàìsàn ni?" ọ̀gá bi í.

"Rárá, sà. Ojú ẹ̀ ló mú jù. Ẹ ò sì ní fẹ́ kí alága rí ọ̀rá létí yín."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà màmá, ìyá náà jáde. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ku díẹ̀ lẹ́yìn ilé."

Ọ̀gá wo màmá, ó wo ayàwòrán. "Ṣé ẹ mọra ni?"

"Àna mi ni, sà."

 Ọ̀gá wẹ̀yìn wò: gọ́tà mọ́ látẹnu títì wá, omi ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ kó tẹ̀yìn ilé náà, kó o wá yà á dé òpin. Kó hàn pé èmi ni mo ṣe é."

Ní gbọ̀ngàn, àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Alága bọ ọ̀gá lọ́wọ́, ẹnu ọ̀gá ò pa dé mọ́ títí ìpàdé fi parí.

Láti ìgbà náà, àwọn ará àdúgbò mìíràn ló ń kún ṣọ́ọ̀bù Ẹ-Má-Mira. Wọn kì í jókòó fún fọ́tò. "Ẹ wá ya ọ̀dọ̀ tiwa náà," ni wọ́n ń wí, "ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwòrán náà tètè wù yín."