Ìdérí Ìgò Méjì

Fóònù bàbá mi ṣì ń dún. Ó ti lé ní ọdún méjì tí a ti sin wọ́n, ṣùgbọ́n màmá mi kò gbà kí a pa láìnì náà, èmi ni mo sì ń gbé e kiri nínú báàgì mi. Àwọn tó ń pè kì í ṣe ẹbí. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n: ilé búrẹ́dì kan ní Òkòta, àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Mafólúkù, àwọn tó ń lọ rọ́bà àlòkù ní Ìsọlọ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò ẹ̀rọ wa ti jóná." Màá sọ fún wọn pé ọ̀gá ti di olóògbé. Wọ́n á ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, lẹ́yìn náà wọ́n á bèèrè ohun kan náà: "Ṣé wọn ò fi ọmọ iṣẹ́ kankan sílẹ̀ ni?"

Ìbéèrè yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ẹlòmíì á rò pé ìbànújẹ́ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ni. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù, ẹ̀rù ẹni tó mọ ìdáhùn tí kò sì lè sọ ọ́.

Iwájú ilé wa ní Mafólúkù ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ páànù. Bí mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan bá jóná, wọ́n á tú wáyà inú rẹ̀ dànù, wọ́n á wé tuntun sí i. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú iye ìgbà tí wáyà bá yí po. Bí apá kan bá dín sí èkejì, mọ́tò náà á máa gbóná títí á fi jó. Nítorí náà, bí bàbá mi bá ń kà, ẹnikẹ́ni kì í kí wọn. Àní ìyá tó bí wọn lọ́mọ, bí ìyá àgbà bá dé láti Ìsẹ́yìn, orí àpótí ni wọ́n á jókòó sí, wọ́n á máa retí kí ọmọ wọn kà tán.

Láti ení dé ẹ̀wá ni bàbá mi ń kà, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Ọmọ iṣẹ́ wọn ló ń ṣọ́ ẹ̀wá-ẹ̀wá náà. Agolo mílíìkì méjì wà níwájú rẹ̀, ìdérí ìgò mínírà kún inú tòsì. Bí ọ̀gá bá ti dé ẹ̀wá, á mú ìdérí kan láti inú agolo òsì sí tọ̀tún. Nígbà tí agolo òsì bá ṣófo, apá kan pé nìyẹn.

Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni bàbá mi ní nígbà náà, ọ̀dọ́kùnrin tí mò ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ó ku oṣù mẹ́fà kó gba fírídọ̀mù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ pé ọjọ́ tí ọ̀gá bá gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́, tó fa irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ tó di tirẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ á tì í pa.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo dé láti ilé-ìwé, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wé apá tó kẹ́yìn nínú mọ́tò ńlá kan. Ẹ̀gbọ́n yíjú sẹ́yìn láti tú wáyà tó fẹ́ lọ́. Mo rí ìdérí aláwọ̀ wúrà méjì nínú agolo òsì, irú èyí tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń kó jọ. N kò lè tọrọ wọn, torí bàbá mi ń kà. Mo kàn mú wọn, mo wọlé lọ.

Ogún yíyí ni mo mú lọ.

Mọ́tò náà jó lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé e padà fún ẹni tó ni ín. Wọ́n dá a padà wá, bàbá mi tú u níwájú gbogbo àdúgbò, wọ́n kà á: ogún yíyí ló dín.

"O sùn," ni wọ́n wí fún ẹ̀gbọ́n.

"Ọ̀gá, mi ò sùn o."

"Ṣé èmi ló sùn, nígbà náà?"

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀. "Ẹ foríjì mí, sà. Bóyá ojú mi kàn kú díẹ̀."

Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo wà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ju ìdérí méjèèjì sí gọ́tà lọ́jọ́ náà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti bá omi lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bàbá mi ní kó máa lọ láìgba fírídọ̀mù, ẹ̀gbọ́n sì kó ẹrù rẹ̀. Bàbá mi kò gba ọmọ iṣẹ́ mọ́ títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sùn lójú iṣẹ́. Èmi náà, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà. "Ìwé ni kí o kà."

Mo kàwé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ rọ́bà ní Ìsọlọ̀ ló gbà mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá òṣìṣẹ́ fún wọn. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ lè kún ẹnu géètì, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ sì wọ́n bí ojú. Wẹ́dà wa ti lọ sókè òkun. Ẹni tó ń tún mọ́ọ̀dù tí a fi ń mọ abọ́ ṣe ti di ọlọ́kadà, ó ní ọkadà kì í sọ pé òun á san owó lóṣù tó ń bọ̀.

Lọ́dún yìí, mọ́tò tó tóbi jù lọ jóná. Tuntun á gba oṣù púpọ̀ kó tó ti òkè òkun dé. Máníjà ní kí ogójì òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ náà máa lọ sílé ná. Láràárọ̀ ni wọ́n ń padà wá dúró lẹ́nu géètì, tí wọ́n ń wo ojú mi. Mo pe àwọn tó gba oyè nínú ẹ̀kọ́ iná mànàmáná, wọ́n sì wá.

"Ta ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ wé e rí nínú yín?" ni máníjà bèèrè.

Ọ̀kan ní, "A kọ́ tíọ́rì ẹ̀, sà."

"Ó dáa. Lọ gbé tíọ́rì náà wá, kó wá bá wa yí ẹ̀rọ." Ó kọjú sí mi. "Ṣé kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kù ní gbogbo Òṣòdì títí dé Ìsọlọ̀ yìí ni?"

Mo mọ ẹnì kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń rí i ní Apákun, lábẹ́ agbòòrùn, tó ń ta àpò fóònù. Mo máa ń gba òdì kejì títì kọjá.

Lọ́jọ́ náà, mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n."

"Háà! Ọmọ ọ̀gá! Akọ̀wé wa! Èwo lo fẹ́, ti olówó àbí ti àwa mẹ̀kúnnù?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Mi ò gba fírídọ̀mù. Ọwọ́ tó sùn lójú iṣẹ́, ta ló ń wá a?"

Mo sọ fún un nígbà náà. Mò ń ṣàlàyé jù, pé ọmọdé ni mí, pé wọ́n ń kà, pé mo bẹ̀rù, títí èmi fúnra mi fi gbọ́ pé àwáwí ni.  Oníbàárà kan ń bi í léèlò ni àpò kan; kò dá a lóhùn.

"Ọdún mẹ́tàdínlógún," ló wí. "Àwọn kan fẹ́ gbé tákísì èápọ́ọ̀tù fún mi wà. Mo ní rárá, torí èmi, mo máa ń sùn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Èmi tí mi ò sùn."

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Dìde. Wọ́n á rò pé gbèsè lo jẹ mí." Kò rẹ́rìn-ín. Kò ní òun foríjì mí; mi ò sì bèèrè. Ó wí pé, "Ìyàwó ọ̀gá ńkọ́? Ṣé wọ́n wà nílé?"

A jọ lọ sílé, màmá mi sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú irin tí bàbá mi fi ń yí wáyà jáde, wọ́n fi aṣọ wọn nù ún. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, pẹ̀lú ewú lórí.

"Ohun tí ọ̀gá rẹ dì mọ́ ọ lọ́wọ́, mo bá wọn tú u," ni màmá mi wí. "Wọn ò mọ̀ ni. Fírídọ̀mù rẹ nìyí. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wé mọ́tò náà ní Ìsọlọ̀. Agolo méjì ló kọ́kọ́ bèèrè. "Ìwọ ni wàá jókòó síbí." Mo ń mú ìdérí láti òsì sí ọ̀tún. Máníjà wọlé pẹ̀lú "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Mo ju ọwọ́ sí i bí ìgbà tí èèyàn ń lé adìyẹ, ó sì dákẹ́.

Nígbà tó tó àkókò láti tan án, ẹ̀gbọ́n kò lè fọwọ́ kan ibi tí a ti ń tan án. "Ìwọ tan án." Mo tan án. Mọ́tò náà hùn, ó yí. Àwọn èèyàn pariwo, àwọn tó wà lẹ́nu géètì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ̀gbọ́n kò wò wọ́n. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara mọ́tò láti mọ̀ bóyá ó ń gbóná. Máníjà ń bá a sọ̀rọ̀ oṣù tí wọ́n á máa san. Gbogbo èèyàn ti padà sídìí iṣẹ́ wọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Fóònù bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú báàgì mi. Ẹ̀gbọ́n mọ ohùn rẹ̀ láti ìgbà ọ̀gá. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ gbé sókè. Ó dún títí ó fi dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Kò gbóná," ló wí, kò sì mú ọwọ́ kúrò.