Ààrò Gàrí àti Ẹ̀yìn Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí mo wà nínú oyún àkọ́bí mi, tí ìyá mi fọwọ́ di ẹ̀yìn mú nílé wa ní ìlú Ọlà, tí wọ́n ní, "Kí n ṣáà lè pọn ọmọ yìí, ìyẹn náà ni mò ń tọrọ." Háà! Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà tiwa wà, ẹ̀yìn ni kò jẹ́. Gàrí ni ìyá mi ń yan láti ìgbà ọmọge, lórí àpótí kúkúrú, tí wọ́n á tẹ̀ síwájú agbada títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àbúrò wọn obìnrin, tó ta aṣọ l'Ábíjàn kó tó padà wá kọ́lé sí Èjìgbò, ẹ̀yìn ń dun àwọn náà. Àwọn méjèèjì jọ lọ rí dókítà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló bá wọn sọ: ẹ sinmi, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àbúrò ti ra tìmùtìmù tuntun, wọ́n ti gba ẹni tí yóò máa bá wọn gbálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ti padà sídìí agbada. Inú bí mi.

"Ẹ ò gbọ́ ohun tí dókítà wí ni?"

"Mo gbọ́. Ṣé agbada gbọ́?"

Èmi ọlọ́gbọ́n ayé! Ìsinmi tí wọ́n ní kí àwọn méjèèjì lò, ẹnì kan ló lágbára rẹ̀.

Mo jókòó, mò ń wo bí wọ́n ṣe tẹ̀, ni nǹkan bá sọ sí mi lọ́kàn. Mo fò dìde, toyúntoyún! Bí iṣẹ́ ò bá ṣeé fi sílẹ̀, ṣé ààrò ò ṣeé gbé sókè ni? Bíríkìlà ni ọkọ mi, ó po amọ̀, ó mọ ọ́n. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan gàrí rẹ́rìn-ín títí. "Ààrò nìyí àbí pẹpẹ ìwàásù?" Ẹ tún wá wò ó, gíga tèmi ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo gbàgbé pé ìyá mi kúrú! Agbada fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Ọkọ mi wó o, ó tún un mọ, ó fi mọ sí ìbàdí wọn. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ń yan gàrí lóòró. Nígbà tó yá, wọn ò fọwọ́ di ẹ̀yìn mọ́ kí wọ́n tó dìde, àwọn tó rẹ́rìn-ín sì wá ń bẹ ọkọ mi pé kó mọ tàwọn náà.

Lọ́jọ́ ìkómọ, ìyá mi bẹ̀rẹ̀, àbúrò wọn gbé ọmọ lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n so ọ̀já, wọ́n nàró gbagidi. "Mọ̀ díè!" ni àbúrò ké, bí wọ́n ṣe ń ké "Ọlọ́run mi" l'Ábíjàn.

"Ẹ wò mí o!" ni ìyá mi wí. "Ẹ̀yìn mi gbà á!"

Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín.

N ò ní purọ́, ẹ̀yìn náà ṣì máa ń ro wọ́n nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n àkọ́bí mi ti ń lọ iléèwé, àbúrò rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìyá mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbà á. Wọ́n ní kí n lọ jókòó.