Ọmọ Tí Wọ́n Wé Nínú Ọgbà

Àǹtí Kòkòrò ni àwọn òbí ń pe olùkọ́ kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Obìnrin tó ga ni, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, tí wọ́n ti tú ká. Erùpẹ̀ kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ẹ̀yìn kíláàsì ló ro ọgbà kékeré kan sí. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń gbin ẹ̀wà, tí wọ́n sì ń wá ẹyin labalábá lórí ewé ọsàn.

"Ẹyin á pa, kòkòrò á jáde," ni ó máa ń sọ. "Kòkòrò á jẹ ewé yó, á wá wé ara rẹ̀ sínú àpò. Tó bá tó àkókò, labalábá á jáde."

"Kí ló ń ṣe nínú àpò?" ni ọmọ kan bi í. Lọ́yà ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ó ń yí padà ni, Lọ́yà."

Lọ́jọ́ kan, àpò kan nínú àpótí aláwọ̀n tí wọ́n ń kó àwọn kòkòrò sí dúdú, ó sì lu. Gbogbo ọmọ sáré wá wò ó. Eṣinṣin ló jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Àǹtí ṣàlàyé pé ìyá eṣinṣin ló ti yé ẹyin sí kòkòrò náà lára nígbà tó ṣì ń jẹ ewé.

"Ṣé kòkòrò yẹn mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà nínú òun?" ni Lọ́yà béèrè.

"Kò mọ̀."

Làwọn ọmọ bá ń wo ara wọn lójú.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé etí lé ikùn ara wọn. Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọdé ni wọ́n, wọ́n á gbàgbé. Kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni ojú gbogbo wọn ń lọ: ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kó wá sí àdúgbò, kò sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni, nílé tàbí nílé ìwé. Dákẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí lọ gba ṣọ́ọ̀kì lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé. Nígbà tó padà, kíláàsì ti ṣófo. Kò gbọ́ ariwo kankan, bẹ́ẹ̀ àìgbọ́ ariwo ọmọdé burú ju ariwo wọn lọ. Ó sáré gba ẹ̀yìn.

Gbogbo wọn ló jókòó yí igi ọsàn ká, tí wọ́n ká ọwọ́ lé itan. Ohun kan wà láàárín wọn tí wọ́n fi aṣọ ìbora wé láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n to ewé lé lórí. Kò mira.

"Kí lẹ ń ṣe níbí?"

Lọ́yà fi ìka lé ètè. "Ẹ rọra, Àǹtí. A fẹ́ rí ohun tó máa jáde ni."

Àǹtí kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí aṣọ náà, ó sì fa ọwọ́ ọ̀hún sẹ́yìn. Ẹ̀rù ohun tó máa jáde ń ba òun náà. Ó ki ara rẹ̀ láyà, ó tú u.

Ojú Dákẹ́ ló kọ́kọ́ yọ, tí òógùn bò ó, tó là sílẹ̀ kedere. Ọmọ náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ha bíi ti àgbàlagbà:

"Àǹtí, ṣé èmi náà ni mo jáde?"

"Ìwọ ni, ọmọ mi. Ìwọ gan-an ni." Ó gbé e mọ́ra.

Lọ́yà sún mọ́ wọn, ó yẹ etí ọmọ náà wò, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò. "Òun ni," ló wí. Ni gbogbo wọn bá hó yèè, wọ́n sì sá lọ ṣeré.

Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé gbọ́, ó ní kí Àǹtí da àpótí kòkòrò náà nù. Àǹtí bẹ̀ ẹ́, ó ní ohun tí a bá fi pa mọ́ fún ọmọdé ló máa ń dẹ́rù bà á jù. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún un, àmọ́ kò tún fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ láwọn nìkan mọ́.

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá àgbà Dákẹ́ wá dúpẹ́. Ó ṣàdúrà títí, kó tó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ báyìí kọ́ ni ohùn tó ní kó tó wá bá mi gbé o."

"Ó pẹ́ tó ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ni, Mà. Ọ̀fun rẹ̀ á ṣí."

"Bóyá."

Òun àti Dákẹ́ jọ jáde lọ. Ọmọ náà ń rojọ́ lọ láìdánudúró. Ìyá àgbà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, kò sì fà á lọ́wọ́.