Àga Ẹ̀yìn àti Ẹran Iléyá

Òórùn irun àgbò tí wọ́n ń wi lórí iná ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi pé Iléyá ti dé. Títí dòní, bí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni yóò bàjẹ́. Mùsùlùmí ni ìyá tó bí màmá mi, ọ̀kan nínú àwọn agboolé àtijọ́ nílùú Ìwó ni wọ́n ń gbé. Ìyá Àgbà la máa ń pè wọ́n. Màmá mi fẹ́ onígbàgbọ́, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sẹ́ni tó bá a jà. Bó bá di Kérésì, ìrẹsì wa á lọ sí agboolé. Bó bá di Iléyá, ẹran wọn á wá sílé wa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí wọ́n tó bí mi.

Èmi ni mo wá fẹ́ mọ́ ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí mo parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo wọ ẹgbẹ́ àdúrà kan tó ń kọ́ni ní ìwà mímọ́. Mo yọ yẹtí mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín níwọ̀nba, bí ẹni pé áńgẹ́lì kan jókòó tì mí tó ń ka eyín mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni olùdarí wa. Ohùn rẹ̀ rọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bíi bàbá. Ó máa ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń lépa ìwà mímọ́ kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹran Iléyá, torí pé ẹran ẹbọ ni. Gbogbo nǹkan yòókù ni mo fi sílẹ̀. Ẹran díndín Ìyá Àgbà nìkan ló ń borí mi.

Kí a tó jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, a máa ń wọlé tọ olùdarí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti jẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹran náà fún un pẹ̀lú omijé. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí. “Ọmọ mi,” ó ní, “àárín èmi, ìwọ àti Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ yìí wà.” Ayọ̀ ni mo fi rìn délé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó dìde láti wàásù. “Arábìnrin kan wà láàárín wa tó ń kọrin níwájú,” ó ní, “àmọ́ tó ń lọ jẹ ẹran ẹbọ nílé ìyá-ìyá rẹ̀.” Èmi nìkan ni mo ní ìyá-ìyá tó jẹ́ Mùsùlùmí nínú ẹgbẹ́ náà. Gbogbo ojú yí sí mi. Wọ́n yọ mí kúrò nínú akọrin, wọ́n ní kí n máa jókòó lórí àga ẹ̀yìn títí n óo fi ronú pìwà dà. Ó dùn mí wọra, torí pé mo fọkàn tán an. Síbẹ̀, èmi aláìgbọ́n gbà pé ẹ̀bi mi ni.

Nígbà tí Iléyá dé, mo lọ bá Ìyá Àgbà. Wọ́n wà níwájú agbada, wọ́n ń kó ẹran sínú àwọn kúlà tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ káàkiri. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi tèmi ránṣẹ́ mọ́.

“Kí ni ẹran wa ṣe?”

“Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Olùdarí wa ló ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ mímọ́ ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.”

“Olùdarí wo? Tíṣà?” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n nawọ́ sí kúlà kan tí wọ́n fi aṣọ wé. “Tiẹ̀ rèé. Látìgbà tó ti ń kọ́ àbúrò ìyá rẹ níléèwé la ti ń fún un. Itan ló fẹ́ràn. Ó ní kí n ṣáà máa fi aṣọ wé e, nítorí ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì.”

Wọ́n gbé kúlà náà lé mi lọ́wọ́. “Bá mi gbé e fún un. Má bá a jà o, wallahi. Ọdún là ń ṣe.”

Olùdarí fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo kúlà, ó wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ọdún, sà. Ìyá Àgbà ní kí n gbé e wá.” Ó gbà á, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ọmọ mi,” ó ní, ohùn rẹ̀ ṣì rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, “àárín èmi, ìwọ àti Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ yìí wà.”

Inú bí mi gidigidi. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jókòó lórí àga ẹ̀yìn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń wàásù nípa ẹran ẹbọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo dìde, tí mo bá ẹnu ọ̀nà jáde, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ìyá Àgbà ti di olóògbé, olùdarí náà ti darúgbó. Mo ṣì ń lépa ìwà mímọ́, nínú ìjọ mìíràn, pẹ̀lú yẹtí létí mi. Bóyá ọjọ́ tí mo sún mọ́ ìwà mímọ́ náà jù lọ ni ọjọ́ tí mo bo àṣírí ẹni tó tú tèmi. N kò lè fi yangàn, torí pé títí dòní, n kò tíì dárí jì í.