Àpótí Òfìfo Tí Mo Rù Lọ sí Kútọnu

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo ru àpótí irin wọ ọkọ̀ ojú omi l'Èkó. Òfìfo ni àpótí náà. Owó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Rábí, tó ń ta aṣọ ní Kútọnu, ni mo fẹ́ fi kó wálé. Wọ́n ní báńkì tó tọ́jú owó rẹ̀ sí ti tilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ará ilé kò gbàgbé: báńkì tèmi ti kú l'Èkó ṣáájú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń wò ó bí ẹni ń wo òkú tí kò lẹ́bí.

Mo sùn ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ àwọn Faransé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi sú kan, bí wọ́n ti ń pe owó wẹ́wẹ́ wọn, ra àkàsà, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ tiwa, mo sì wọ rélùwéè. Lẹ́yìn Akpakpa, létí Kútọnu, ojú irin gba orí afárá: omi lọ́tùn-ún, omi lósì, ọkọ̀ ń sáré láàárín. Mo gbá irin ìjókòó mú.

Nígbà tí mo dé, Ìyá Rábí wo àpótí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àkànní, òkú ta lo wá gbé?"

"Owó yín ni, kó tó di òkú."

"Jẹ́ ká lọ wò ó ná."

Níwájú báńkì, lẹ́bàá èbúté, èrò pọ̀. Akọ̀wé kan jáde, ó sọ̀rọ̀ ní Faransé, ó tún un sọ lédè Ègùn. Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ìjọba Faransé ti dúró fún báńkì, owó ti dé láti òkè òkun, kí ẹni tó bá fẹ́ tirẹ̀ wá gbà á. Ilẹ̀kùn ṣí lóòótọ́! Obìnrin kan gba tirẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ, ó sì dá a padà pé kí wọ́n máa bá òun tọ́jú rẹ̀.

"Háà!" ni mo ní. "Nílé wa, bí alájọ bá ná owó olówó, ẹbí rẹ̀ ló ń ta ilẹ̀ san án. Odindi ìjọba ló wá di ẹbí báńkì níbí yìí? Níbo ni wọ́n ti rówó ọ̀hún?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní:

"Lẹ́ńpò ńkọ́?" Owó orí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. "Ṣebí èmi náà ń san án. Èmi ni ẹbí tó ta ilẹ̀."

Kò gba kọ́bọ̀ nínú owó rẹ̀ ní báńkì. Ó di àkàsà àti ẹja gbígbẹ kún àpótí fún mi.

Nílé, ìyàwó mi gbé àpótí, ó wúwo, ló bá kúnlẹ̀ ó ń dúpẹ́. Mo ṣí i.

"Owó wọn dà, Baálé mi?"

"Ó wà ní báńkì."

"Yéè! Bíi tiwa?"

"Rárá. Tiwọn lẹ́bí."

"Ta ni ẹbí ọ̀hún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."