Ṣáwà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Pààrọ̀

Olóríkunkun ni ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní fi bò. Sọ fún un pé nǹkan ò ṣeé ṣe, ìyẹn gan-an ló máa dìde lọ ṣe. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ṣiṣẹ́ onígbàjámọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀, kò sì sí ọmọ aláriwo tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ fún abẹ rẹ̀. Tíṣà ni gbogbo wa ń pe ìyàwó rẹ̀, torí iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì.

Ọdún kẹta rèé tí àìsàn ìgbàgbé ti bá Tíṣà. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé ìkòkò lórí iná, ó wá ń gbàgbé orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ló kọ́kọ́ gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú, pé kí ni mo tiẹ̀ ṣe láyé tí èèyàn á fi máa rántí mi?

Òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Ihò ṣáwà tó wà ní balùwẹ̀ ti dí, omi kò ṣe ju kó máa kán tó, tó, tó, nítorí náà korobá ló fi ń gbé omi láti ilé ìdáná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, òun, korobá àti Tíṣà bá wó lulẹ̀ papọ̀. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ni, ó wá, ó sì rí ìgúnpá ìyá rẹ̀ tó wú.

"Bàbá, mi ò bá yín jà o," ló wí. "Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá lè wẹ Màmá láìṣe ara yín léṣe, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Mò ń padà bọ̀ ní Sátidé."

Nígbà tí ọmọ náà lọ tán ni ẹ̀gbọ́n mi wá wojú mi: "Tí Tíṣà bá lọ, àbúrò, ta ni mo fẹ́ máa jí fún?" Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n ti jọ ń jí nínú ilé yẹn. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù sì bà mí fún un.

Ní Tọ́sìdeé, ó ra ṣáwà tuntun. Mo ní kó pe oníṣẹ́ páìpù, ó ní ṣé òun yarọ ni? Ó ti omi gbogbo ilé pa. Ó fi aṣọ wé ṣáwà àtijọ́, ó ki sípánà bọ̀ ọ́, kò mì. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Mo di páìpù mú níbi tó ti yọ lára ògiri kó má baà kán sínú, òun ń lọ́ ọ, títí ṣáwà tí ìpáàrà ti mú náà fi yọ. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń gbọn irun lọ́rùn oníbàárà fọ ẹnu páìpù náà tọkàntọkàn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ fá irun fún un ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wé téèpù funfun mọ́ ọn kí omi má baà jò, ó wé e sódì, ó tú u, ó tún un wé. Ó fọwọ́ lọ́ ṣáwà tuntun mọ́ ọn, ó fi sípánà fún un díẹ̀. A ṣí omi. Omi tú jáde pẹ̀lú agbára, ẹ̀kán kan kò jò. Ó dúró sábẹ́ rẹ̀ taṣọtaṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo rọ̀ ọ́ pé kó kọ́kọ́ fi wẹ Tíṣà wò. Ó kọ̀, ó ní ojú ọmọ òun ni òun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí irú Sátidé yẹn mọ́. Níṣojú ọmọ wọn tó ti dé, ẹ̀gbọ́n mi gbé Tíṣà jókòó sórí àga oníke, ó fi ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ wo omi pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì yí i sí i. Bí omi ṣe bà á lórí báyìí, Tíṣà figbe ta.

"Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin yìí fẹ́ pa mí o!"

Ó ha ẹ̀gbọ́n mi lójú. Ẹ̀gbọ́n mi ti omi, ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ. "Tíṣà, èmi ni. Ọkọ rẹ ni."

"Irọ́ lò ń pa! Ọkọ mi á dé bá ọ níbí!"

Ọmọ wọn fi táwẹ́ẹ̀lì wé ìyá rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà. Ara Tíṣà balẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún jiyàn pé Tíṣà á lọ. Ọmọ náà ń sunkún bó ṣe ń di ẹrù. Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Nínú balùwẹ̀, mo gbọ́ ìró sípánà: ẹ̀gbọ́n mi ń tú ṣáwà náà, ó ń dá sọ̀rọ̀ pé òun á yọ ọ́ dànù, korobá náà ni òun á máa lò, òun á rọra máa rìn.

Ó jáde bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà ti múra, ojú rẹ̀ tutù. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá oníṣẹ́ páìpù. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín nílé o."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí ba.

"Á gbọ́, mà," ló wí.